Bí ẹ ṣe máa rí omi gbígbóná Yellowstone dáadáa láìjóná

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ìdílé tó bá lọ sí Yellowstone, ọgbà ńlá ti ìjọba Amẹ́ríkà, nìyí. Wọ́n á wakọ̀ dé ibi Old Faithful, ìsun gbígbóná tó lókìkí jù níbẹ̀, wọ́n á bá èrò tó ń tú ká: omi ti tú tán. Wọ́n á wo aago, wọ́n á ní àwọn ò lè jókòó de òmíràn, wọ́n á wọkọ̀ padà, wọ́n á fi gbogbo ọjọ́ yí ọgbà náà po. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi ṣú, èéfín àti ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹlòmíì ni wọ́n máa rí jù. Bí ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní, "Ó dáa o, àmọ́ kò tó ariwo tí wọ́n ń pa lé e lórí."

Ọgbà náà tó bẹ́ẹ̀, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò to ìrìn wọn ni. Ojú ibi tí ooru inú ilẹ̀ ti ń yọ síta níbẹ̀ lé ní 10,000. Àwọn tó jẹ́ geyser nínú wọn, ìyẹn ìsun tó máa ń tu omi gbígbóná sókè, lé ní 500, olúkúlùkù ló sì ní àsìkò tirẹ̀. Ẹni tó bá ń fi aago ọkọ̀ rẹ̀ rìn láàárín wọn, ẹ̀yìn wọn ni yóò máa bá. Mo kọ èyí fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní Houston, Chicago, Atlanta tàbí ibòmíì ní Amẹ́ríkà, tí ẹ fẹ́ kó àwọn ọmọ, tàbí òbí tó wá kí yín láti ilé, lọ lo ọlidé níbẹ̀.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Ọjọ́ mẹ́ta gbáko nínú ọgbà, láìka ọjọ́ tí ẹ máa fi rìn lọ àti bọ̀. Ọ̀nà tó yí ibẹ̀ po gùn tó máìlì 142 (kìlómítà 229), eré tí òfin sì gbà kò ju máìlì 45 lọ ní wákàtí kan. Ojú ọ̀nà míì tilẹ̀ kéré sí ìyẹn.
- Owó ìwọlé: dọ́là 35 fún ọkọ̀ kan, fún ọjọ́ 7. Ẹ fetí sí èyí dáadáa: láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026, wọ́n ti fi dọ́là 100 kún un fún àlejò kọ̀ọ̀kan tó ti pé ọdún 16 tí kì í ṣe olùgbé Amẹ́ríkà. Bí Màmá bá wá láti Ìbàdàn pẹ̀lú físà ìbẹ̀wò, ẹ ti ka owó tiwọn mọ́ ọn láti ilé. Kí ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ibẹ̀ mú káàdì ìdánimọ̀ yín lọ́wọ́. Ẹ tún wo iye owó lórí ojú ewé ọgbà náà ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa lọ.
- Áàpù NPS (àjọ tó ń bójú tó àwọn ọgbà ìjọba Amẹ́ríkà) lórí fóònù, pẹ̀lú gbogbo Yellowstone tí ẹ ti gbà sínú rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí ní apá tó pọ̀ jù nínú ọgbà náà.
- Súwẹ́tà àti aṣọ òjò, kódà nínú oṣù Keje. Old Faithful ga ju mítà 2,200 lọ lókè òkun. Ẹ lè wọ síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́sàn-án kí ẹ máa gbọ̀n lóru.
- Bàtà tó di ẹsẹ̀ mú. Sílípáàsì kò yẹ ibẹ̀.
- Aṣọ rírọ̀ mímọ́ fún ojú kámẹ́rà àti awò ojú.
- Agolo ata tí wọ́n fi ń lé béárì, bí ẹ bá máa rìn wọgbó. Wọn ò gbà á nínú ọkọ̀ òfuurufú, nítorí náà ẹ rà á tàbí kí ẹ yá a nígbà tí ẹ bá débẹ̀.

1. Ẹ mú oṣù, ẹnu ọ̀nà àti ibi tí ẹ máa sùn

Láti nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá títí di àárín oṣù Kẹrin, ọ̀pọ̀ ọ̀nà inú ọgbà náà máa ń wà ní títì fún ọkọ̀ lásán. Èyí tó gba ẹnu ọ̀nà àríwá ní Gardiner kọjá sí Cooke City nìkan ni wọ́n ń ṣí jálẹ̀ ọdún. Oṣù Keje àti Ìkẹjọ ni èrò ń pọ̀ jù. Bí ẹ bá lágbára láti yàn, ẹ mú oṣù Kẹsàn-án: atẹ́gùn tutù, èéfín ga, àwọn ọmọ iléèwé ti wọlé. Ẹni tí tirẹ̀ bá wà níléèwé, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ló kù fún un.

Ẹnu ọ̀nà márùn-ún ló wà. Fún ẹni tí omi gbígbóná ń pè, ti ìwọ̀ oòrùn, ní ìlú West Yellowstone, ló dára jù, nítorí máìlì 30 péré ló kù láti ibẹ̀ dé Old Faithful. Bozeman ní Montana ni ọkọ̀ òfuurufú ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bà sí. Ẹ lè bà sí Jackson náà, kí ẹ gba ìsàlẹ̀ gúúsù wọlé láti inú ọgbà Grand Teton.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà jù ni ọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n á rí yàrá tó dínwó ní Gardiner, wọ́n á sanwó, wọn ò ní wo máàpù. Láti Gardiner dé Old Faithful jẹ́ máìlì 56. Létí, kò jìn. Lójú ọ̀nà tí ẹfọ̀n (bison) ti lè dúró sáàárín títì títí tó bá fi wù ú láti kúrò, wákàtí méjì ni, nígbà míì ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sùn ní West Yellowstone, tàbí nínú ọgbà fúnra rẹ̀, ní Old Faithful gan-an. Yàrá inú ọgbà máa ń tán ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú, àmọ́ àwọn èèyàn ń fagi lé tiwọn. Ẹni tó bá ń yẹ ojú ewé náà wò ní òwúrọ̀ àti alẹ́ máa ń rí i.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ṣé láti orí bẹ́ẹ̀dì yín dé ibi omi àkọ́kọ́ kò ju wákàtí kan lọ? Ṣé ẹ ti wo ojú ewé ọ̀nà ọgbà náà pé kò sí èyí tó wà ní títì lára ibi tí ẹ máa gbà? Máàpù orí fóònù lè júwe ọ̀nà tí yìnyín dí fún yín láìṣẹ́jú.

2. Ẹ kọ́ ìrìn orí ilẹ̀ gbígbóná kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀ nínú ọkọ̀

Ilẹ̀ funfun tí ẹ máa rí yí ìsun wọ̀nyẹn ká dà bíi pé ó le. Níbòmíì, èèpo lásán ni, omi híhó ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ju 20 èèyàn lọ tí omi ibẹ̀ ti bó pa láti ìgbà tí ọgbà náà ti wà. Ní 2016, ọ̀dọ́kùnrin kan kúrò lórí ọ̀nà pákó ní Norris, apá tó gbóná jù nínú ọgbà náà, ó ń wá ibi tó máa ti wẹ̀. Ó yọ̀, ó já sínú omi. Nígbà tí àwọn tó wá gbé e padà dé lọ́jọ́ kejì, kò sí ara mọ́ láti gbé: omi ibẹ̀ gbóná, ó sì ní ásíìdì nínú.

Nítorí náà, orí pákó ni ẹ ó máa rìn. Kò sí "mo kàn fẹ́ ya fọ́tò." Kò sí "ẹlòmíì ti tẹ ibẹ̀." Ẹ má ki ọwọ́ bọ omi láti mọ̀ bóyá ó gbóná. Ó gbóná. Ní ibi gíga bẹ́ẹ̀, omi ti ń hó ní 93°C. Ẹ di ọwọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá mú, kí ẹ má sì jẹ́ kó sáré, nítorí pákó míì kò ní ọ̀pá ìdábùú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ajá kò gbọ́dọ̀ débẹ̀ rárá.

Èèyàn lè wà lórí pákó kí nǹkan ṣì ṣẹlẹ̀. Ní July 23, 2024, ilẹ̀ bú gbàù ní Biscuit Basin: omi, ẹrẹ̀ àti òkúta fò sókè, èrò sì sá. Kò sẹ́ni tó fara pa, ṣùgbọ́n ọ̀nà pákó bàjẹ́, wọ́n sì ti ibẹ̀ pa. Bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n fi okùn dí, ẹ má bẹ ẹ̀ṣọ́ ọgbà. Ẹ wá ibòmíì lọ.

Òórùn ibẹ̀ máa ṣe yín bí ẹyin tó ti jẹrà. Imí ọjọ́ ni. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée (asthma) kó má dúró sínú èéfín. Ní ti àwọn àgbà, ẹ fi ọkàn balẹ̀: ìjókòó pọ̀ yí Old Faithful ká, ọ̀nà tó gba ibẹ̀ lọ tẹ́jú, àga onítáyà sì lè gbà á. Òkè Norris ni kí ẹ rò lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó mú wọn lọ, nítorí àtẹ̀gùn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, ẹ bi ọmọ kọ̀ọ̀kan pé, "Bí atẹ́gùn bá gbé fìlà rẹ lọ sórí ilẹ̀ funfun yẹn ńkọ́?" Ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà: "Mo fi sílẹ̀." Èyí tó bá ní òun máa yára mú un, ẹ jókòó tì í títí tó fi yé e. Ẹ bi bàbá rẹ̀ náà.

3. Ọjọ́ kìíní: ẹ fi aago omi ṣètò Upper Geyser Basin

Ibi yìí ni Old Faithful wà, ibẹ̀ náà ni geyser pọ̀ sí jù. Ẹ débẹ̀ kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa ṣe ni pé kí ẹ wọ ilé ìgbàlejò, tàbí kí ẹ ṣí áàpù níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà, kí ẹ kọ àsìkò tí wọ́n retí fún Old Faithful, Castle, Grand, Daisy àti Riverside sórí ìwé. Sórí ìwé ni mo wí, nítorí fóònù lè kú.

Ìdí tí wọ́n fi lè sọ àsìkò ni pé omi tó wà nísàlẹ̀ ti gbóná kọjá ibi tó yẹ kó ti hó, ìwúwo omi tó wà lórí rẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí díẹ̀ bá ṣàn dà nù lókè, ìwúwo náà á dín kù, ti ìsàlẹ̀ á di oru lẹ́ẹ̀kan náà, á ti gbogbo rẹ̀ jáde. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ó máa ràn yín lọ́wọ́: geyser tó bá ń dà sílẹ̀ létí ti ń múra.

*Old Faithful* ń tú lẹ́ẹ̀kan láàárín 60 sí 110 ìṣẹ́jú. Àsìkò tí wọ́n kọ lè fi ìṣẹ́jú 10 yẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn. Bí èyí tó ṣáájú bá ṣe kúkúrú, òmíràn kì í pẹ́. Bó bá pẹ́ kó tó dáwọ́ dúró, ẹ lọ jẹun. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀: ó máa ń ta omi díẹ̀díẹ̀ kó tó tú ní tòótọ́. Àwọn èèyàn á gbé fóònù sókè, wọ́n á máa ká fídíò ìtàsílẹ̀ yẹn, apá á ro wọ́n, wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀, ìgbà náà gan-an ló máa wá gbéra lọ sí mítà 32, ó lè tó 55. Ẹ jẹ́ kó dìde kọjá orí ẹni tó ga kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

*Riverside* ni mo fẹ́ràn jù, ó tilẹ̀ yà mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ kì í rìn débẹ̀. Nǹkan bíi máìlì kan àti díẹ̀ ni sí Old Faithful, lójú ọ̀nà tó tẹ́jú. Ó ń tú ní bíi wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, etí odò Firehole ló sì wà. Ní wákàtí kan tàbí méjì ṣáájú, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn láti etí rẹ̀ sínú odò. Bí ẹ bá débẹ̀ tí ẹ rí òkúta tó wà níwájú rẹ̀ tó tutù, tó ń dán, ẹ wá ibi jókòó. Bó bá gbẹ, àkókò ṣì wà. Nígbà tó bá tú, kì í lọ sókè tààrà, ńṣe ló ń tẹ̀ kọjá lórí odò bí ọrun, fún bí 20 ìṣẹ́jú. Bí oòrùn bá wà lẹ́yìn yín, òṣùmàrè á yọ nínú rẹ̀.

*Grand* ló ga jù nínú àwọn tí wọ́n lè sọ àsìkò rẹ̀, ó lè tó mítà 60. Ṣùgbọ́n ó gba sùúrù, nítorí àsìkò rẹ̀ lè fi wákàtí kan àti ààbọ̀ yẹ̀. Àṣírí rẹ̀ nìyí. Geyser kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Turban, tó máa ń tú ní nǹkan bí ogún-ogún ìṣẹ́jú. Ìgbà tí Turban bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni Grand sábà máa ń gbéra. Bí Turban bá tú tí Grand kò ṣe nǹkan kan, ẹ lè na ẹsẹ̀ yín, ogún ìṣẹ́jú míì ló kù kí ẹ tún máa wò ó. Bó bá sì tú tó dáwọ́ dúró, ẹ má tíì dìde. Ó lè tún padà tú lẹ́ẹ̀kejì, ìyẹn sì lè ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ni ẹ máa rí tí wọ́n jókòó pa nígbà tí àwọn yòókù ń lọ.

Ẹnikẹ́ni kò kọ àsìkò Beehive, òdìkejì odò sí Old Faithful. Ihò kékeré kan wà nítòsí rẹ̀. Bí ìyẹn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta omi, ẹ sáré. Ẹ sáré lórí pákó o.

Ẹ dúró síbi tí atẹ́gùn ń gbà bọ̀, kó lè máa gbé omi náà lọ kúrò lọ́dọ̀ yín. Omi yìí ní èròjà tó máa ń gbẹ di funfun mọ́ ojú kámẹ́rà àti awò ojú, bó bá sì ti gbẹ, kì í ṣí mọ́. Bó bá ta sí i, ẹ nù ún lójú ẹsẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, ó yẹ kí ẹ ti rí Old Faithful pẹ̀lú geyser ńlá kan míì, ó kéré tán. Bó bá jẹ́ Old Faithful nìkan, ẹ má kúrò ní agbègbè yìí lọ́jọ́ kejì. Norris lè dúró.

4. Grand Prismatic: ẹ jẹ́ kí oòrùn mú

Fọ́tò adágún aláwọ̀ búlúù tí àwọ̀ ọsàn yí ká, òun ni gbogbo ayé mọ̀. Ó fẹ̀ tó mítà 112. Àwọn èèyàn máa ń lọ láàárọ̀ kùtùkùtù kí wọ́n lè rí ibi gbé ọkọ̀ sí, èéfín nìkan ni wọ́n sì ń bá. Òtútù àárọ̀ ló fà á. Àwọn àwọ̀ tó yí búlúù náà ká wá láti ara àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń gbé nínú omi gbígbóná, ojú ò sì lè rí àwọ̀ wọ̀nyẹn dáadáa àfi tí oòrùn bá tàn tààrà tí èéfín sì dín kù.

Ohun kejì ni pé láti orí pákó, ojú yín kò lè gba gbogbo rẹ̀. Òkè ni fọ́tò yẹn ti wá. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ibi ìgbọ́kọ̀sí Fairy Falls, kì í ṣe ti Midway tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún náà, kí ẹ rin ọ̀nà tó lọ sí ibi ìwòran lórí òkè: máìlì 0.6, gígun rẹ̀ kò sì le. Láàárín aago mọ́kànlá sí mẹ́rin ni kí ẹ lọ. Ibi ìgbọ́kọ̀sí máa ń kún nírú àkókò yẹn, ẹ lè yí po lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má gbé ọkọ̀ sórí koríko etí títì, wọ́n máa ń fún èèyàn ní tíkẹ́ẹ̀tì.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ rí búlúù láàárín, àwọ̀ ewé tẹ̀ lé e, yẹ́lò, lẹ́yìn náà ọsàn. Bí funfun bá bo ojú rẹ̀, ẹ dúró fún atẹ́gùn díẹ̀.

5. Norris àti Mammoth

Norris ló gbóná jù. Wọ́n ti wọ̀n ín ní 237°C nísàlẹ̀ ilẹ̀, níbi tó jìn tó mítà 326. Steamboat tó wà níbẹ̀ ló ga jù láyé nínú àwọn tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ó lè kọjá mítà 90, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù ló lè wà láàárín ìtújáde kan sí èkejì. Ẹ má fi ọjọ́ kankan dè é. Ẹ rin Porcelain Basin fún wákàtí kan, kí ẹ máa lọ sí Mammoth, níbi tí omi ti ń to òkúta funfun bí àtẹ̀gùn. Bí àkókò bá kúrú, Mammoth ni mo máa fò.

6. Ẹranko lójú ọ̀nà

Ẹfọ̀n ibẹ̀ dà bí ẹni tó ń sùn lórí ìrìn. Ó lè sáré máìlì 35 ní wákàtí kan, ẹ̀yin ò lè sáré jù ú lọ. Yáàdì 25 ni òfin ní kí ẹ fi jìnnà sí i, yáàdì 100 sí béárì àti ìkookò. Bó bá dúró sójú títì, ẹ jókòó sínú ọkọ̀, ẹ má fun fèrè. Bó bá gbé ìrù sókè, inú ti ń bí i.

Kúlà ìrẹsì jọ́lọ́ọ̀fù yín, inú ọkọ̀ tó ní àgádágodo ni kó máa wà bí ẹ ò bá jẹun. Ẹ má fi sílẹ̀ lórí tábìlì kí ẹ ní ẹ ń lọ ya fọ́tò.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ na apá, ẹ ṣẹ́ ojú kan, kí ẹ fi àtàǹpàkò bo ẹranko náà. Bí kò bá bò ó tán, ẹ sún mọ́ ọn jù.

7. Bí ẹ bá fẹ́ wẹ̀

Kò sí ìsun gbígbóná kankan nínú ọgbà náà tí òfin gbà kí ẹ wọ̀. Fídíò àtijọ́ ṣì ń júwe Boiling River fún àwọn èèyàn. Omíyalé oṣù Kẹfà 2022 ti ba ibẹ̀ jẹ́, wọ́n sì tì í. Ìta ni ẹ ti máa wẹ̀.

Ẹni tó bá gba àríwá jáde lè yà sí Chico Hot Springs ní àfonífojì Paradise, Montana. Ẹni tó bá gba ìlà oòrùn jáde sí Cody lè wakọ̀ bíi máìlì 85 síwájú dé Thermopolis. Ilé ìwẹ̀ ìjọba wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, omi rẹ̀ wà ní nǹkan bí 40°C, 20 ìṣẹ́jú sì ni wọ́n ń fún èèyàn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má bínú sí 20 ìṣẹ́jú yẹn, ó tó. Ẹni tó lóyún tàbí tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kó bi dókítà rẹ̀ kó tó kúrò nílé. Ẹ mu omi tútù kí ẹ tó wọlé, kí ẹ sì bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà fàdákà sínú ọkọ̀, nítorí imí ọjọ́ máa ń sọ fàdákà di dúdú.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* bí orí bá ń fúyẹ́ tàbí tí àyà bá ń já, ẹ jáde, ẹ jókòó, kí ẹlòmíì wakọ̀.